Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kí N Pè

Ní Port Harcourt, obìnrin a máa pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn nígbà tí mo débí ní ọdún 1999. Òjò ibí kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, òórùn epo tó máa ń ti etí omi wá sí Creek Road náà kò sì tó o. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo pé, "Sunday! Sunday! You no go come carry your food?" Ọkọ rẹ̀ jáde, ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó ní ó ṣeun. Mo padà wọ yàrá, mo jókòó sórí àpótí, mo ń retí ìjà. Ìjà kankan kò dé. Mama Boma ni obìnrin yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni títí di òní.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ibẹ̀ náà ni ilé ọkọ mi wà. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo wọlé ọkọ. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán nígbà náà, àmọ́ ìṣirò kò jẹ́ kí èsì mi dára tó láti lọ síwájú. Ọkọ mi ń ta tapólì àti okùn fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi nítòsí ọjà Creek Road, ìdí nìyẹn tí a fi wá síbí.

Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọmọ tó bá ti wà láyé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni lójú ìyàwó, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó ni yóò wá orúkọ tí yóò máa fi pọ́n ọn lé. Àbíkẹ́yìn ilé ọkọ mi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé kò sí ṣòkòtò tó ń tó o, mo bá sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Ó ní orúkọ tirẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó kúrú, ó sì rọrùn láti pè. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ní ọdún kejì tí a dé, wọ́n fi Agùntáṣọọ́lò ránṣẹ́ sí wa pé kó wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, ó jáde sí àgbàlá, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Agùntáṣọọ́lò. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ìkòkò tí Mama Boma ń fọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mama Ngbati!" Báyẹn ni gbogbo àgbàlá ṣe ń pè mí nítorí pé Yorùbá ni mí. "Na who you dey kneel for? This small pikin wey dey chop groundnut?"

"Ọkọ mi ni," mo fi pijin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sọ fún un. "Na my husband."

"Husband? How many husband you carry come Port Harcourt?"

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yẹn bá ti ilé ìwé dé, Mama Boma á pariwo láti inú ilé ìdáná pé, "Mama Ngbati, your small husband don come o! Him belle dey empty!"

Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ nìkan ni. Kò yé wọn pé bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ kí ọmọ tán, ó lè dìde kó sọ fún ọmọ náà pé kó lọ fọ abọ́. Èmi ń sọ fún un pé "ẹ", òun náà ń sọ fún mi pé "ẹ". Èmi ni mo ń se ẹ̀wà rẹ̀, èmi ni mo ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì rọ́ níbi tó ti lọ gbá bọ́ọ̀lù, èmi ni mo ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo, ẹ̀yin náà lẹ fà á."

*

Ohun tí àjò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi ni orúkọ mi. N kò mọ̀ nígbà tó lọ. Nínú àgbàlá, Mama Ngbati ni mí. Lẹ́nu ọkọ mi, Ìyá Táyọ̀. Lẹ́nu Agùntáṣọọ́lò, ìyàwó wa. Ìyá mi nìkan ló kù tó ń pè mí ní orúkọ tí wọ́n sọ mí, orí tẹlifóònù ló sì ti ń pè é.

Kò tíì sí alágbèéká lọ́wọ́ wa nígbà náà. A máa ń lọ sí ilé ìpè kan lẹ́bàá ọjà, a ó pe oníkẹ́míìsì tó wà ní iwájú ilé ìyá mi, a ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa ránṣẹ́ pè é. A ó gbé e sílẹ̀, a ó dúró, a ó tún pè. Nígbà tí ìyá mi bá wá gba fóònù, kò ní kọ́kọ́ kí mi. Orúkọ mi ni yóò kọ́kọ́ pè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń pe ọmọ wálé láti ibi eré, lẹ́yìn náà yóò wá béèrè pé, "Ṣé o ń jẹun?" Mo máa ń dáhùn pé mo ń jẹun. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí mo bá ń padà sílé, mo máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ kí ohùn náà má baà tètè kúrò létí mi.

Nígbà tí ìyá mi fi ayé sílẹ̀, mo sunkún rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ mi náà ti dákẹ́.

*

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni ti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Rumuibekwe. Wọ́n fún mi ní kíláàsì àwọn tó kéré jù lọ. Mo ń nu imú, mo ń pààrọ̀ ṣòkòtò, mo ń kọ orin. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé e kiri ọsibítù. N kò fi agbára mú un. Bí mo bá ń to bàtà àwọn ọmọ sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń jẹ́ kó bá mi tò ó, èmi náà a dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, a ń to bàtà lọ, ó fà mí láṣọ, ó ní, "Aunty, I wan piss." Mo gbé e sáré lọ sí ilé ìtọ̀ bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án, òun àti èmi jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ń rẹ́rìn-ín, a ń nu ojú.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni mí. Ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn búburú, ó sì sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́ pé láìsí ìwé ẹ̀rí yunifásítì, òun kò lè fún mi ní kíláàsì tèmi. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń mú olùkọ́ tuntun wá, èmi ni mo sì ń fi ibi tí wọ́n ń kó bébà ìnudọ̀tí sí hàn án.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ kọ́ nípa bí a ti ń kọ́ ọmọdé. Ó ní, "Ìyá Táyọ̀, ìṣirò ńkọ́?"

Agùntáṣọọ́lò ló kọ́ mi ní ìṣirò. Ó ti di òṣìṣẹ́ báǹkì nígbà náà, ó ti ní irùngbọ̀n, ó sì ti ní ilé tirẹ̀. Ó ń wá lọ́jọ́ Sátidé, mo ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń jókòó, mo ń gbé ẹ̀wà fún un, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá máa bá mi wí.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ tún pín in sí méjì?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Mo rò pé ó pọ̀ jù ni."

Mo tún ìdánwò ṣe, mo yege. Yunifásítì gbà mí. Mo ti lé lógójì ọdún.

*

Owó ilé ìwé wá kù. Oríṣi méjì ni owó náà: ti ọmọ ìpínlẹ̀, àti ti ẹni tó wá láti ibòmíràn. Ti kejì wọ́n gan-an, òun sì ni tèmi. Táyọ̀ àti àbúrò rẹ̀ wà nílé ìwé gíga lọ́wọ́. Ọkọ mi wo ọjà rẹ̀ níwá, ó wò ó lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé owó ẹnìkẹta kò sí níbẹ̀.

Mo lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti béèrè ẹ̀bùn owó tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin tó wà lórí tábìlì béèrè pé kí ni abúlé mi. Mo ní Creek Road. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Madam, Creek Road no be village." Mo pe ilé. Wọ́n ní ti ilé wà fún ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó sì ń kàwé nínú ìpínlẹ̀. Ilé ní mo ti lọ, ibí ní n kò tíì dé.

Mama Boma ló gbọ́ nípa àwọn ìyá olùkọ́. Àwọn obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ló kó owó jọ, wọ́n ń san owó ilé ìwé fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ padà sí yunifásítì. Wọn kò béèrè abúlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ènìyàn ti lé lógójì ọdún, kó ti pẹ́ nílùú yìí, kó má tíì ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, kí ẹni tó ní iṣẹ́ gidi sì wá ṣe onídùúró fún un. Gbogbo rẹ̀ bá mi mu. Bí n kò bá sì rí i gbà kí yunifásítì tó ti ìforúkọsílẹ̀, àyè mi ti lọ nìyẹn.

Onídùúró mi kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Agùntáṣọọ́lò gba àyè níbi iṣẹ́.

*

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pè wá wọlé, ní ọ̀nà Rumuokoro. Àwọn méjì ló jókòó sídìí tábìlì: ìyá Kalabari kan tí wọ́n ń pè ní Madam Ibinabo, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àti ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, tó ń bá wọn yẹ ìwé wò. Wọ́n ti ń wo ìwé mi, èmi sì jókòó níwájú wọn, nígbà tí Agùntáṣọọ́lò ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ Rumuokoro ti dá a dúró, òógùn bò ó.

Orúnkún mi kò bi mí léèrè. Ó ti kan ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá Agùntáṣọọ́lò. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo nu àga mi, mo ní kó jókòó síbẹ̀. Èmi dúró.

Ọkùnrin náà wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó wo káàdì Agùntáṣọọ́lò. Ó wo ìwé mi.

"Madam, you be forty-three."

"Yes, sah."

"This man be thirty-five."

"Yes, sah."

"And you kneel down for am. You carry him bag."

Ìgbà yẹn ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ilé ni wọ́n bí mi sí, n kò ní ìwé ìbí. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí mo gbà ní kóòtù ni mo mú wá, èsì ìdánwò mi sì jẹ́ tuntun. Ọkùnrin náà ní ọmọ Bonny ni òun, òun ti rìn jìnnà, òun kò rí obìnrin kankan rí tó kúnlẹ̀ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i. Ó ní ẹnikẹ́ni lè búra ní kóòtù. Ó ní ẹnìkan ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn rí: ó fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè rí owó àgbàlagbà gbà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Sah, he is my husband."

Ọkùnrin náà tún ṣí ìwé mi. "Husband? The husband wey you write here get another name."

"That one too, sah."

Agùntáṣọọ́lò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní onídùúró kì í dá sí i. Ó wá gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo jù ú lọ, kí n pe ọkùnrin yìí lórúkọ bí àgbà ṣe ń pe ọmọdé. Kí n pè é báyìí kí wọ́n gbọ́.

Mo wo Agùntáṣọọ́lò. Ó mi orí sí mi. Ó fi Yorùbá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìyàwó wa, ẹ pè é. Mo yọ̀ǹda fún yín. Orúkọ lásán ni."

Mo mọ ohun tó wà lórí tábìlì yẹn. Kíláàsì tèmi ló wà níbẹ̀. Mo la ẹnu. Mo gbọ́ orúkọ náà nínú orí mi ketekete, bí ọkọ mi ṣe máa ń pè é, bí ìyá wọn ṣe máa ń pè é. Mo ti rí lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ahọ́n mi.

"Bọ̀dá," ni mo wí. Kò sí ohun mìíràn tó tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà pa ìwé mi dé. "You see," ó wí fún Madam Ibinabo.

Madam Ibinabo na ọwọ́, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò ṣí i. Ó ń wò mí.

"My sister, you know say na your school dey inside this thing?"

"I know, mà."

"And you no fit call one name?"

"I no fit, mà. He was in that house before me. If I call am here, tomorrow when I see am, which mouth I go take greet am?"

Madam Ibinabo yí sí ọkùnrin náà, ó ní, "Oga, think am. Person wey come lie for age because of money, na name go hard am? That person for don call am ten times, join slap."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Agùntáṣọọ́lò, ó ní kó sọ̀rọ̀ báyìí. Irú ọkọ wo lòun?

"Sah," Agùntáṣọọ́lò wí, "I come their house when I be thirteen. Every morning she go kneel down greet me. As she dey stand up, she go ask me why I never wash plate. If I never wash am, she go say, 'My lord, abeg bring cane.' Na me dey carry the cane come."

Madam Ibinabo ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà di ẹnu mú, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ ẹgba náà kì í pọ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fa ìwé mi padà, ó sì fọwọ́ sí i.

*

Níta, Agùntáṣọọ́lò dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi áńkáṣíìfù nu orí rẹ̀ tó ti ń pá.

"Ìyàwó wa, ẹ fẹ́ pa mí. Bí wọ́n bá ti lé yín ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Mo gbìyànjú."

"Mo rí yín. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é." Ó rẹ́rìn-ín. "Inú mi dùn pé ẹ kò pè é. Kì bá tí dùn létí mi."

Nígbà tí mo ròyìn fún Mama Boma, ó pàtẹ́wọ́. "So your small husband for spoil your school! I tell you that time!" Ó wọlé lọ gbé ẹja tútù wá fún mi, ó ní kí n fi ṣe àsè. Ó sì wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ó pẹ́ jù fún òun náà láti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n Sunday lé. Mo ní kò pẹ́ jù. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "My lord, come carry your food." Sunday sáré jáde, ó ń béèrè ẹni tó kú.

Mo máa ń rò ó bóyá ọmọ ibí ni mí tàbí àlejò. Aṣọ tí mo sá sórí okùn ń gba èéfín dúdú ibí bíi ti gbogbo ènìyàn. Pijin ni mo fi ń bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wí, nígbà mìíràn pijin ni mo fi ń lálàá. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀, orúnkún mi àti ẹnu mi ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn kò bà mí nínú jẹ́ mọ́. Obìnrin Kalabari kan ló wò mí tó rí i pé òótọ́ ni mo ń sọ, àwọn ìyá olùkọ́ ìlú yìí ló sì san owó mi.

Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní yunifásítì, mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n kéré sí Táyọ̀. Wọ́n ti ń pè mí ní Mummy kí n tó gbé báàgì sílẹ̀. Olùkọ́ wa wọlé, ó ní òun yóò pe orúkọ, orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ ti wọlé nìkan ló sì wà lọ́wọ́ òun. Ó ń pè, wọ́n ń dáhùn. Ó pe orúkọ kan, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Orúkọ náà dára létí mi, mo ń wo ọwọ́ iwájú láti mọ ẹni tó ni ín.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí wo ìwé tí mo kọ orúkọ sí. Ó fi ìgúnpá gún mi. "Mummy, no be you?"

Mo dìde. "Mo wà níhìn-ín, sà," mo wí ní Yorùbá, kí n tó rántí ibi tí mo wà.

"Madam, you no know your own name?" olùkọ́ béèrè.

"I know am, sah. It's only that nobody has called it for a long time."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò láti fi sàmì síwájú orúkọ mi, ó dá ọwọ́ dúró, ó sì tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, lódidi.

Mo tún dáhùn.